Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Tó Fẹ́ Jí Pikọ́ọ̀pù Àtijọ́ Dìde

Agboolé pọ̀ ní Ìlọrin, láti Òkèlele dé Adéta, láti Pákátà dé Gàá Àkànbí, tí pikọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ti fẹ̀yìn ti ògiri níbẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ti tán nínú táyà rẹ̀, tí adìẹ sì ń yé sábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Peugeot 504. Àwọn kan jẹ́ Datsun, àwọn kan sì jẹ́ Hilux ayé ọjọ́un. Bàbá tó rà á ti darúgbó, tàbí kó ti re ibi àgbà ń rè. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń ra irin àlòkù ló máa ń wá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, tí owó epo sì fò sókè, ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ti di ohun tí ọwọ́ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ayé kò tó mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin ọmọ fi ń wá sọ́dọ̀ àwa àgbà, tí ẹ ń béèrè bóyá èyí tó wà nílé yẹn ṣì lè rìn. Ó lè rìn, bí sùúrù bá wà, tí ìmọ̀ sì wà.

Ọmọ mi, ohun kan ló wà nídìí gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Ọkọ̀ tí o bá jí dìde kò ní jókòó sí àgbàlá. Títì ni yóò gbà, àárín ọmọ ọlọ́mọ ni yóò sì kọjá. Nítorí náà, ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró, ohun tó ń darí rẹ̀, àti irin tó gbé e ró ni kó kọ́kọ́ jẹ owó rẹ. Èyí tó kàn ń dán lè dúró de ọdún tó ń bọ̀.

1. Mọ ẹni tó ni ín kí o tó fọwọ́ kàn án.

Bí bàbá rẹ bá ti kú, tí ìwọ sì ni ò ń gbé inú ilé tí ọkọ̀ náà wà, má rò pé ó ti di tìrẹ. Ogún ni. Ní ìlú wa yìí, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń pín ogún ní ìlànà Ìsìláàmù. Àwọn ìyàwó tí bàbá fi sílẹ̀ ní ìpín, àwọn ọmọkùnrin ní ìpín, àwọn ọmọbìnrin tó ti wà nílé ọkọ náà ní ìpín tiwọn. Nígbà tí adìẹ ṣì ń yé sínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tí yóò bá ọ dù ú. Ọjọ́ tó bá sáré jáde lẹ́nu ọ̀nà, tó tún ń pawó wọlé, ni gbogbo ẹbí yóò rántí pé ti bàbá àwọn ni.

Kí o tó ra bóòtù kan, pe àwọn àgbà ilé àti àlùfáà tí gbogbo yín fọkàn tán. Kí mẹkáníìkì kan tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ díye lé ọkọ̀ náà bó ṣe wà lọ́jọ́ yẹn. San ìpín àwọn tó kù fún wọn, tàbí kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ tinútinú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán máa ń yí padà bí owó bá ti wọ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe fo èyí nítorí pé ojú ń tì ọ́ láti bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀ owó.

Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni o fẹ́ rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ọkọ̀ àti èyí tó wà lára ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé ìwé ti sọnù, kó kọ́kọ́ gba ìwé ọlọ́pàá wá kí owó tó jáde lápò rẹ. Ibi tí o bá sì ti rí i pé wọ́n ti ha nọ́ńbà, tàbí tí wọ́n jó irin tuntun mọ́ àyíká rẹ̀, yáa máa lọ sílé.

2. Mú ọkọ̀ tí ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì wà lọ́jà.

Bí àwa àgbà ṣe máa ń yin Peugeot 504 kò ṣẹ̀yìn ohun tí ojú wa rí. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ó gba oyè ọkọ̀ tó dára jù lọ ní Yúróòpù ní 1969. Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ PAN ní Kàdúná, níbi tí wọ́n ti ń to 504 pọ̀ fún wa títí ọdún 2000 fi kọjá. Nínú ọdún 1975 kan náà ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Kẹ́ńyà, lórí ọ̀nà eléruku àti ẹlẹ́rọ̀fọ̀, ó sì tún gbà á ní 1978. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ ni pikọ́ọ̀pù rẹ̀ dé. Àpapọ̀ 504 tí wọ́n ṣe lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Èrè tìrẹ níbẹ̀ ni pé ẹ̀yà ara rẹ̀ kò tíì wọ́n tán lọ́jà, àwọn mẹkáníìkì tó ti lé ní àádọ́ta ọdún sì mọ̀ ọ́n tinú tòde.

Datsun àti Hilux náà ṣeé mú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó jẹ́ pé ẹyọ kan péré ló wọ ìlú, bó ti wù kó rẹwà tó, fi í sílẹ̀. Kọ orúkọ àwọn ohun tó máa ń bàjẹ́ jù sínú ìwé: gaskẹ́ẹ̀tì, rọ́bà bíréèkì, wọ́tà pọ́ǹpù, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, kọlọ́ọ̀ṣì. Gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní ọ̀nà Táíwò ní Ìlọrin, kí o bi wọ́n ní iye ọ̀kọ̀ọ̀kan kí o tó pinnu.

3. Wọ abẹ́ rẹ̀ kí o tó ṣí iwájú rẹ̀.

Ọ̀dọ́ a máa sáré lọ síbi ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ṣeé pààrọ̀, egungun ọkọ̀ ni kò ṣeé pààrọ̀. A dúpẹ́ pé Ìlọrin jìnnà sí òkun. Afẹ́fẹ́ wa kò ní iyọ̀ nínú bíi ti Èkó, irin kì í sì í tètè jẹra níbí. Ibi tí omi àti ẹrẹ̀ bá ti kó jọ ni kí o wò: abẹ́ rọ́gì tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé, abẹ́ bátìrì tí ásíìdì máa ń kán sí, inú ihò tí táyà wà, ìdí gíláàsì iwájú, àti ibi tí sípíríìnì ẹ̀yìn ti so kọ́. Mú hámà kékeré, kí o máa fi kan gbogbo rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Irin tó le yóò dún ketekete. Èyí tó ti jẹra yóò dún gbì, orí hámà sì lè wọlé pàápàá.

Ibi tó bá ti jẹra, kí wọ́n gé e dé ibi tí irin gidi ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wá jó páànù tuntun tó nípọn dáadáa sí i. Má gbà kí ẹnikẹ́ni lẹ páànù lé ìdógùn-ún lórí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ha irin náà ni kí ọ̀dà ìsàlẹ̀ bò ó, nítorí irin tó wà lásán, tó sùn síta nínú oṣù kẹsàn-án, yóò ti pọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí irin gbọọrọ tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró bá ti jẹra káàkiri, jẹ́ kí àwọn onírin àlòkù gbé e lọ. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni, pàápàá bó bá jẹ́ ti bàbá ẹni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó lè kán sí méjì lábẹ́ ẹrù iṣu kì í ṣe ohun ìrántí fún bàbá kankan.

4. Má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

Iṣẹ́ jáàkì ni láti gbé ọkọ̀ sókè. Dídúró síbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Rọ́bà inú rẹ̀ lè jò nígbàkigbà, ọkọ̀ á sì sọ̀kalẹ̀ láì kìlọ̀ fẹ́nikẹ́ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni búlọ́ọ̀kù símẹ́ǹtì tí ẹ̀yin ọmọ máa ń tò sábẹ́ mọ́tò. Búlọ́ọ̀kù ń ru ilé nítorí pé ẹrù ilé tẹ̀ ẹ́ bákan náà láti òkè wá. Lábẹ́ ọkọ̀, irin tóóró kan ló máa ń tẹ ojú kan ṣoṣo lára rẹ̀, búlọ́ọ̀kù kì í sì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa túká.

Bẹ ajórinmọ́rin kó bá ọ ṣe ẹsẹ̀ irin mẹ́rin láti ara páìpù tó nípọn, tàbí kí o gé igi líle onígun mẹ́rin, kí o tò ó ní dábùú-dábùú. Fi òkúta há àwọn táyà tó wà nílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Kí o tó wọlé, fi ọwọ́ méjèèjì ti ọkọ̀ náà gírígírí láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá mì, tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Kí ẹnìkan sì wà nílé pẹ̀lú rẹ nígbà gbogbo tí o bá wà lábẹ́ rẹ̀.

5. Ọ̀rọ̀ iná.

Táńkì tí epo ti tán nínú rẹ̀ léwu ju èyí tó kún lọ, torí oru epo tó pò mọ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń bú gbàmù. Tú táńkì kúrò lára ọkọ̀, gbé e jìnnà, kí ajórinmọ́rin tó tan iná rárá. Bí táńkì fúnra rẹ̀ bá ń jò, wá òmíràn rà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó o láàárín ilé, kó ní òun ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Oru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló máa ń rá gbà, ó sì lè rìn láti ibi tí o ti ń tú kábúrétọ̀ dé ìdí ààrò tí àwọn ìyá ti ń dáná lẹ́yìnkùlé. Bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ kí o tó ṣí ohunkóhun tó ní epo nínú. Gbé korobá yanrìn kan sí tòsí, nítorí ńṣe ni epo tó ń jó máa ń léfòó lórí omi, tí yóò sì máa gbá kiri. Bí o bá fẹ́ tú bátìrì, ẹnu tó ní àmì ìyọkúrò ni kí o kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí o so kẹ́yìn.

6. Má fi owó òwò rẹ ṣe é, má sì yáwó. Ọkọ̀ tó ti dúró láti ọdún pípẹ́ lè dúró di oṣù tó ń bọ̀ tí owó míì yóò wọlé.

7. Bí o ṣe ń tú u, máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Fóònù rẹ wúlò níbí ju bí o ṣe rò lọ. Ya àwòrán gbogbo ojú ibi kí o tó tú u, láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́. Agolo mílíìkì tó ti ṣófo ni kí o máa kó bóòtù sí, kí o kọ ibi tó ti wá sára rẹ̀: ilẹ̀kùn apá òsì, gíà, ìdí radíétọ̀. Bóòtù gígùn tó bá wọ ihò bóòtù kúkúrú lè lu nǹkan tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

8. Ẹ́ńjìnnì tó ti sùn pẹ́, ọwọ́ ni a fi ń jí i.

Má so bátìrì mọ́ ọn kí o wá ta á lójijì. Tú àwọn plọ́ọ̀gì, da dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí o fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, fi sípánà gbá bóòtù iwájú rẹ̀ mú, kí o yí i pẹ̀lẹ́. Bó bá kọ̀, tún da òmíràn sí i, kí o tún dúró. Ipá ló ń ṣẹ́ ríìngì. Bó bá ti ń yí fàlàlà, da ọ́ìlì àtijọ́ nù, pààrọ̀ fílítà, gbọ́n epo àtijọ́ kúrò, kí o fọ kábúrétọ̀, nítorí epo tó pẹ́ máa ń di oje tó ń dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀.

Ohun kan wà nínú ẹ́ńjìnnì 504 oníbẹntiróòlù tí mẹkáníìkì kékeré tó fi ọkọ̀ òde òní kọ́ṣẹ́ lè má mọ̀. Silíífù, ìyẹn páìpù irin tí písítìnì ń sáré nínú rẹ̀, kò lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Ńṣe ni wọ́n tì í bọ inú rẹ̀, omi yí i ká, síìlì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kì í sì í jẹ́ kí omi náà dé ibi ọ́ìlì. Tọ́ọ̀pù, ìyẹn ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì, ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé tọ́ọ̀pù kúrò, tí ẹnìkan wá yí ẹ́ńjìnnì, silíífù á gbéra díẹ̀, síìlì á sì yẹ̀. Ìwọ ò ní mọ̀ títí wọn yóò fi tò ó pọ̀ tán, tí o óò wá rí omi nínú ọ́ìlì. Sọ fún mẹkáníìkì rẹ kó fi bóòtù àti irin pẹlẹbẹ tẹ silíífù mọ́lẹ̀ kó tó yí ohunkóhun. Bó bá bínú pé o ń kọ́ òun níṣẹ́, bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kó ṣe é. Ètò iná plọ́ọ̀gì rẹ̀ ni 1, 3, 4, 2.

Àwọn kan yóò fẹ́ yọ tẹmọ́sítáàtì dà nù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná. Má gbà fún wọn. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì kì í gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, epo á máa ṣòfò, ara ẹ́ńjìnnì á sì máa tètè jẹ. Ọkọ̀ tó bá ń hó, wo radíétọ̀ tó ti dí, wo wọ́tà pọ́ǹpù, wo gaskẹ́ẹ̀tì.

9. Bíréèkì ni kó jẹ owó rẹ jù.

Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tó ti wà nínú páìpù láti ọdún gbọọrọ ti gba omi púpọ̀. Bí bíréèkì bá gbóná lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi yẹn á hó, á di oru, ẹsẹ̀ rẹ á sì wọlẹ̀ tán láì mú ọkọ̀ dúró. Da gbogbo rẹ̀ nù. Pààrọ̀ rọ́bà inú máásítà àti ti ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o pààrọ̀ àwọn páìpù rọ́bà. Páìpù irin tó bá ti dógùn-ún, má lẹ̀ ẹ́, ra òmíràn.

Mo ti rí ibi tí wọ́n ti da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí bíréèkì, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti da omi ọṣẹ sí i, nítorí pé ọ̀nà jìn, ọjà sì ti tì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń mú kí rọ́bà wú, á sì há. Omi ọṣẹ ń hó, ó sì ń jẹ irin. Ọmọ ènìyàn ló ń kọjá níwájú ọkọ̀ wọ̀nyí. Bí o kò bá rí ọ́ìlì bíréèkì tó jẹ́ ojúlówó, jẹ́ kí ọkọ̀ sùn síbi tó wà.

Eruku inú bíréèkì àtijọ́ sábà máa ń ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí ènìyàn ti gbàgbé pé òun fà á símú. Má fẹnu fẹ́ ẹ, má sì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Fi omi rin ín, fi àkísà nù ún, kí o di àkísà náà sínú ọ̀rá, kí o sọ ọ́ nù. Àwọn ọmọṣẹ́ kéékèèké tó ń jókòó nídìí táyà ní èyí kàn jù, nítorí náà kọ́ wọn pẹ̀lú.

Lẹ́yìn bíréèkì, ìdarí. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tó bá ti ń ṣeré, kò sí àtúnṣe fún un. Tuntun ni kí o rà.

10. Wáyà. Fíúùsì tó jó ti bá ọ sọ̀rọ̀: wáyà kan ń kan ara irin níbìkan. Wá a rí. Ẹni tó bá fi bébà dídán inú páálí sìgá dípò fíúùsì ń wá kí gbogbo ọkọ̀ jóná.

11. Bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe dáadáa.

Nílé ni ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n o nílò ajórinmọ́rin, páńẹ́lì-bítà, oníwáyà àti ọ̀gá mẹkáníìkì kan tí yóò máa yẹ iṣẹ́ rẹ wò. Ọ̀gá kan ni kí o mú. Má kó mẹ́ta jọ kí wọ́n máa bú iṣẹ́ ara wọn. Ẹ jọ fẹnu kò lórí owó iṣẹ́ kí sípánà tó wọlé. Bá a lọ ra ẹ̀yà ara fúnra rẹ, kí o mú ti àtijọ́ dání láti fi wéra lójú ọlọ́jà. Gbogbo bíréèkì tí o bá fọwọ́ ara rẹ tò, jẹ́ kí ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò kí táyà tó kanlẹ̀. Kí àwọn ọmọṣẹ́ bí o bá dé, kí o sì ra oúnjẹ fún wọn. Àwọn ló mọ ibi tí bóòtù tó sọnù wà.

12. Ọ̀dà ló kẹ́yìn.

Pútì tó nípọn ni ẹ̀tàn tó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí ojú kòtò fẹ́ẹ́rẹ́ tí hámà kò lè tẹ́ tán. Ẹni tó bá fi dí ihò ìdógùn-ún ti ti omi mọ́ inú rẹ̀, kí òjò ọdún kejì tó dá, yóò ti hó sókè. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n ni máginẹ́ẹ̀tì kékeré: ibi tí pútì bá pọ̀ sí, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Ní Ìlọrin, yan ìgbà rẹ. Nínú ọyẹ́, eruku á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Nígbà òjò, ọ̀rinrin á jẹ́ kí ọ̀dà funfun lójú. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ kò sì tíì dé, nǹkan bí ìparí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ló dára jù lójú mi. Wọ́n omi sílẹ̀ kó pa eruku, kùn ún láàárọ̀, kí o sì fi nǹkan bo imú rẹ.

13. Ìjáde rẹ̀ àkọ́kọ́.

Wo táyà kí o tó jáde. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀ tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tòkúnbọ̀ lè ní ojú tó nípọn kó sì ti gbó nínú, nítorí náà nọ́ńbà yẹn ni kí o gbà gbọ́. Gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò àwọn VIO, kí o tún ìwé rẹ̀ ṣe ní orúkọ rẹ.

Àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú ni kí o kọ́kọ́ gbé e jáde, láì ru ohunkóhun, lórí ọ̀nà tí kò sí èrò. Tẹ bíréèkì léraléra ní ìrọ̀rùn kí o tó sáré. Padà sílé, jẹ́ kó tutù, kí o tún gbogbo nọ́ọ̀tì táyà fún, kí o sì wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bóyá ohunkóhun kán sílẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí o tó gbẹ́rù, kí ẹrù àkọ́kọ́ má sì tó ìdajì ohun tó lè gbé. Má gba èrò sórí ẹrù, ìbáà jẹ́ ará ilé, ìbáà jẹ́ àwọn tó ń ti oko bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń bẹ̀ ọ́. Àwọn tí ìjókòó iwájú bá gbà ni kó wọlé. Kí àwọn tó kù wọ bọ́ọ̀sì.